Aṣọ iṣẹ́ tí kì í jẹrà

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí èèyàn wo iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ra aṣọ iṣẹ́. Láyé àtijọ́, kíjìpá tí àwọn ìyá fi òwú hun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá gbó, ilẹ̀ á jẹ ẹ́.

Lónìí, pọliẹ́sítà ló wà lára ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àti wẹ́dà ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, torí pé ó dínwó, ó sì tètè ń gbẹ. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é, bíi ti ọ̀rá. Tó bá dé ààtàn, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sun ún, aládùúgbò ló ń fa èéfín rẹ̀ símú. Bí iná wẹ́dà bá ta sí i, ńṣe ló ń yọ́ mọ́ awọ ara.

Lóòótọ́, òwú ń mu omi púpọ̀ lóko, wọ́n sì ń fín oògùn kòkòrò sí i. Síbẹ̀, aṣọ òwú tó nípọn, tí wọ́n ń lẹ̀ bó bá ya, ló sàn jù. Kí àwọn ọ̀gá tó ń ra aṣọ fún òṣìṣẹ́ ronú sí i. Aṣọ tó dínwó lónìí lè di ẹrù ọmọ lọ́la.