Ta Ni Yóò Gbin Igi Òrí?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde ní Àbújá, ní orúkọ Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú, pé ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó kóró òrí tí a kò tíì fún ní òróró jáde kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òfin náà. Igbákejì Ààrẹ ṣàlàyé pé nínú gbogbo kóró òrí tí ó wà ní ayé, ó kù díẹ̀ kí ti Nàìjíríà pé 40 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú owó ọjà òrí gbogbo àgbáyé, tí wọ́n dá lé bílíọ̀nù dọ́là mẹ́fà ààbọ̀, 1 péré nínú 100 ni ó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Àwa tí a ń fẹ́ ìlọsíwájú ilẹ̀ yìí kò lè bínú sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kó ohun ìní wa ránṣẹ́ sí òkè òkun bí a ti ká a lóko, tí a sì ń fi owó gọbọi rà á padà nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ti sọ ọ́ di ohun èlò. Àwa nìkan kọ́ ni ojú wá là: Burkina Faso àti Mali pẹ̀lú ti gbé irú ìgbésẹ̀ yìí ní 2024. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo òfin àti ti owó gba ìlú kan, ìbéèrè kan wà tí kò rí ààyè tó láàárín ariwo náà, òun ni a sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Igi náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó gbìn ín? Ta ni yóò sì gbin èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀?

Igi òrí, tí àwọn mìíràn nínú wa ń pè ní igi emi, tí àwọn Hausa sì ń pè ní kaɗanya, kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà àti Etiópíà ni ó ti ń hù, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà láàárín igbó kìjikìji àti aṣálẹ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, a ń rí i ní Òkè-Ògùn, ní Kwara, ní Kogi, ní Niger, ní Kebbi, ní Kaduna, ní Nasarawa àti ní Benue. Nígbà tí Mungo Park rin ìrìn-àjò rẹ̀ dé odò Ọya láàárín 1795 sí 1797, ó bá àwọn ará Bambara tí wọ́n ń ṣe òrí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ẹnu òun, ó dára ju bọ́tà wàrà màlúù tí ó dára jù lọ. Kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, àwọn ìyá ńlá wa ti ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára, wọ́n ti ń fi í ra oríkèé tí ń ro ni, wọ́n sì ti ń fi í tan fìtílà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí ìpara ni àwọn òyìnbó ṣe ń wá òrí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Apá tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń lọ sí òkè òkun, oúnjẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní ọdún 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Úróòpù tí ó para pọ̀ ṣe òfin pé a lè fi irú ọ̀rá mẹ́fà kan sínú ṣokoléètì dípò ọ̀rá kòkó, bí kò bá ti ju 5 nínú 100 lọ. Òrí jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nítorí náà, kóró tí ìyá arúgbó ṣà nínú ìrì òwúrọ̀ ní Kíṣí tàbí ní Bídà lè di ohun tí ọmọdé ń lá ní Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé ìyá náà mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá nìyí. Ní gbogbo ọ̀nà tí kóró yìí ń gbà, ẹnì kan kò gbin nǹkan kan. Igi hù fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń ṣán oko dá a sí nítorí pé ó mọ iyì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì sinmi fún ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ igi mìíràn a yọ jáde lábẹ́ ìyá wọn. Ètò àwọn baba wa nìyẹn, ó sì dára fún ìgbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sinmi mọ́ bí ó ti ń sinmi tẹ́lẹ̀. Ènìyàn pọ̀ sí i, oko ń súnmọ́ oko, katakata sì ń hú ọmọ igi pọ̀ mọ́ koríko. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó èyí tí ó kù. Àfòmọ́ gun àwọn igi àgbà, ó ń fa omi ara wọn mu. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn tí ń sun èédú ti rí i pé igi òrí le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Wọn a gé igi tí bàbá bàbá wọn bá láyé, wọn a sun ún láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé tí ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí ti ka igi òrí mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń bọ̀ wá bá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbà. Igi òrí tí ó hù láti inú kóró a máa lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Ó lè pé ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ó lè máa so títí di igba ọdún. Ìjọba lè kọ́ ilé-iṣẹ́ ìfúnrí láàárín ọdún méjì; kò sí ìjọba tí ó lè fi òfin mú igi dàgbà láàárín ọdún méjì. Bí ẹ̀rọ wa bá ṣetán, tí igi wa sì ti tán, kí ni ẹ̀rọ náà yóò máa lọ̀? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ó dùn wá pé a mọ bí a ti í tọ́jú igi nígbà tí a bá fẹ́. Òkè òkun ni kòkó ti wá, ṣùgbọ́n a dá ilé-ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Láti Brazil ni igi rọ́bà ti wá, a sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìtòsí Benin. Ọ̀pẹ ti ní tirẹ̀ láti 1939. Ṣùgbọ́n igi òrí, tí í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, ẹ̀ka kan ní Bídà lábẹ́ ilé-ìwádìí ọ̀pẹ ni ó ní. Àlejò gba yàrá, ọmọ onílé sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí a lé àlejò; ohun tí a ń wí ni pé kí ọmọ onílé náà rí ibi sùn.

Àwọn kan a máa sọ pé igi òrí kò ṣeé gbìn, àti pé Ọlọ́run nìkan ni ń gbìn ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ní ìwà tirẹ̀. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Èyí tí a bá fi pamọ́ di ọdún tí ń bọ̀ kì í hù mọ́. Nítorí náà, láti inú èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, lábẹ́ igi tí a mọ̀ pé ó ń so dáadáa, ni kí a ti ṣà á, kí a sì gbìn ín kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Nígbà tí ó bá hù, ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń lọ: ọ̀mùnú rẹ̀ a wọ inú ilẹ̀ lọ ná kí ewé tó yọ sókè. Ẹni tí kò mọ èyí a rò pé ó ti kú, a sì dà á nù. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn púpọ̀, nítorí náà àpò tí a óò fi tọ́ ọ gbọ́dọ̀ jìn. Bí a bá gbé e dé oko, kí ìwọ̀n mítà mẹ́wàá wà láàárín igi kan àti èkejì. Kí a ro ìdí rẹ̀ yíká kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé nítorí iná, kí a sì fi ẹ̀gún sọ ọ́ nítorí ewúrẹ́. Èyí tí ó rọrùn jù lọ ni pé kí àgbẹ̀ ki igi mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ òrí tí ó bá hù fúnra rẹ̀ nínú oko, kí ọkọ́ má baà gé e.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn, pàápàá ní ìhà àríwá Gánà, pé a lè gé ẹ̀ka igi tí ń so dáadáa, kí a lọ́ ọ mọ́ ara ọmọ igi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ka Ìwé Mímọ́ ti gbọ́ nípa igi ólífì. Igi tí a bá lọ́ báyìí lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọdún márùn-ún àti ogún ọdún ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí àgbẹ̀ lè gbìn fún ara rẹ̀ àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ gbìn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìmọ̀ nìkan kò tó. Àwọn obìnrin ni ń jí lọ ṣà èso kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú koríko tí ejò lè wà. Àwọn ni ń sè é, tí ń sá a, tí ń pa á, tí ń yan án, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń fi ọwọ́ pò ó títí òrí yóò fi léfòó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, igi kì í sì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá yá ilẹ̀ dá oko kì í gba àṣẹ láti gbin igi sórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbin igi ni ayé ń pè ní onílẹ̀. Bí onílẹ̀ bá ta igi fún elédùú, obìnrin tí ó ti ń ṣà lábẹ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ó yẹ kí ààlà wà fún ti ìyá pẹ̀lú.

Òfin 2025 náà fi èyí hàn. Kò pẹ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ tí owó kóró fi já wálẹ̀ lọ́jà, nítorí àwọn tí ń rà á fún òkè òkun dáwọ́ dúró, àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé kò sì tíì lè gba gbogbo rẹ̀. Orí ta ni ẹrù náà wó sí? Orí ẹni tí ó ṣà á ni. Ẹni tí kóró kò mú owó wá fún, tí igi kì í sì í ṣe tirẹ̀, kí ni yóò mú un dènà àáké?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí igi yìí ti ń hù dá ọgbà ìtọ́jú ọmọ òrí sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ lílọ́ ẹ̀ka. Èkejì, kí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa fi ẹnu kò pé igi òrí tí obìnrin bá gbìn tàbí tí ó bá dá sí, tirẹ̀ ni èso rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e fún èédú láìgba àṣẹ ìlú. Ẹ̀kẹta, kí owó tí a bá rí nínú òrí tí a fún nílé má gbàgbé ìdí igi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni a fi ọ̀rọ̀ yìí lé ní ìparí. Ìgbà òjò ni èso òrí ń bọ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú kóró tútù kan wá láti oko ìyá rẹ̀, kí ó gbìn ín sínú àpò jíjìn, kí ó sì kọ́ sùúrù títí ewé yóò fi yọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá gbìn ín lónìí lè ká èso rẹ̀ kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, kí ó sì fi igi náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó dá èyí tí a ń jẹ lónìí sí fún wa.