Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Pè Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba projẹ́ẹ̀tì ọdún yìí: ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní “àbájáde GC-MS” nínú ìwé wa, àdàkọ lásán ni. A já ewé, a rẹ ẹ́ sínú ethanol, a fi sáńpù àti owó ránṣẹ́, a gba tábìlì tó kún fún orúkọ padà. A ò béèrè bí ẹ̀rọ ṣe mọ̀. Orúkọ tó bá ti jọ ti oògùn, a ó kọ ọ́ sí ìparí pé ewé náà lè wo jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ láti Joju dé Tollgate á gbọ́, á fi kún ìpolówó rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá á sì rà á.

Mo ṣe IT mi ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìhà Joju. Níbẹ̀ náà, tí ìwé àbájáde bá ti Èkó dé, orúkọ àti ìdá ìjọra nìkan ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo bi ọ̀gá tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe mọ̀ pé ibí yìí gan-an ni molecule náà ti já?” Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ṣe kọ̀ǹpútà ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo uracil, ọ̀kan nínú àwọn nucleobase tí gbogbo wa há sórí ní 200 level. Mass spectrometer á fi electron lù ú títí á fi fọ́, á sì wọn ègé kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo nìkan ló ń sọ o, kò sọ ibi tí ègé ti wá. Uracil jẹ́ 112. Ègé ńlá kan wà ní 69. Èyí tó kúrò jẹ́ 43, ìyẹn HNCO. Ó dáa. Ṣùgbọ́n náítírójìn méjì ló wà nínú uracil, N1 àti N3. Èwo ló bá HNCO lọ? Nóòtì wa ya ọfà kan, ó kọ “retro-Diels-Alder” sí i lórí, ó parí. A há ọfà náà sórí bí ẹni há orin ilé ìwé.

Bí ìkòkò bá fọ́, kí lo fi máa mọ àpáàdì tó jẹ́ ti etí rẹ̀? Àfi tó o bá ti fi ẹfun sàmì sí etí náà kó tó fọ́. Ísótòpù ni ẹfun yẹn. Fi 15N rọ́pò N3, uracil á di 113. Tó bá jẹ́ N3 ló bá HNCO lọ, 44 ló máa kúrò, ègé náà á ṣì wà ní 69. Tó bá jẹ́ N1 ni, 43 ló máa kúrò, a ó rí 70. Irú àmì báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé N3 àti C2 ló sábà máa ń lọ.

Ti adenine tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adenine tó gba proton kan jẹ́ 136, ó sì máa ń pàdánù ammonia, á di 119. Bi ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa, á búra pé NH2 tó wà níta òrùka ni. Ní 1992, Nelson àti McCloskey fi adenine tí wọ́n sàmì sí lára yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé N1 tó wà nínú òrùka gan-an ní ìpín nínú ammonia tó ń lọ, nítorí pé òrùka náà máa ń ṣí, tí á tún ara rẹ̀ tò. Ọfà tó wà nínú nóòtì wa ì bá má sọ èyí fún wa láéláé.

Mo ti mọ èsì tó ń bọ̀: “Owó dà?” Òótọ́ ni, 15N wọ́n. Iná gan-an ò dúró. Ṣùgbọ́n bébà àti bírò la nílò láti ronú. Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ̀ wa, ẹ gbé èyí sínú ìdánwò: a pa háídírójìn mẹ́ta tó wà lórí náítírójìn adenine dà pẹ̀lú D2O, 135 di 138. Bí ègé tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ 111, ibo ni háídírójìn tó bá HCN lọ ti wá? Bó bá jẹ́ 110 ńkọ́? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn kò ní gba tábìlì kọ̀ǹpútà gbọ́ láìwo spectrum fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tẹ́ ẹ wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Ṣàngó, ẹ má kàn máa fi PDF tí wọ́n ti kọ orúkọ sí ránṣẹ́ sí wa mọ́. Ẹ bá wa gba spectrum fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà rẹ̀. Èmi á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi: orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú tábìlì projẹ́ẹ̀tì mi. Mo ti fa igi lé mẹ́rìnlá, nítorí mi ò lè ṣàlàyé ègé kan ṣoṣo nínú wọn. Súpáfáísọ̀ mi ò tíì rí i.