Èló Ni Fọ́tò Kan Ń Jẹ Lára Kámẹ́rà?

Lọ́jọ́ Sátidé, kí òde àríyá tó gbóná rárá ni ayàwòrán ti máa ń dé. Kámẹ́rà kan wà lọ́rùn rẹ̀, òmíràn ń fì léjìká, fíláàṣì rẹ̀ ń kọ mànà. Bí ìyàwó bá ń jó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí, ó lè tẹ kámẹ́rà ní ìgbà ogójì kí wọ́n tó dé orí ìjókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò tó wà nínú kádì rẹ̀ lè tó 1,000. Bí wọ́n bá bi í léèrè iye tó ná lórí epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àti dátà, á ka gbogbo rẹ̀ láìfi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi í pé èló ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè dáhùn.

Láyé fìlímù, ìdáhùn wà lẹ́nu gbogbo ayàwòrán. Róòlù kan, fọ́tò 36. Owó róòlù wà, owó oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ wà, owó bébà wà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi fìlímù ọ̀gá ṣeré, ó ti fọwọ́ kan àpò ọ̀gá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi lè lo oṣù gbọọrọ nínú yàrá òkùnkùn, tó ń gbálẹ̀, tó ń po oògùn, tó ń sá fọ́tò, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ló wọ́n nígbà náà. Kámẹ́rà ní tiẹ̀, bí ọ̀gá bá ti ra ọ̀kan tó dára, ó lè sìn ín di ogún ọdún.

J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó tí iṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri àgbáyé lónìí, kámẹ́rà Brownie D lásán ló rà ní 1950, èyí tí kò ní fíláàṣì rárá. Ní 1954, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn gbà á sí yàrá òkùnkùn. Ní 1961, ó ti di ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, ní Ìbàdàn kan náà. Nígbà tó di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sì ń ya púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí kí ọnà irun náà lè hàn kedere. Fọ́tò irun tó yà kí ó tó kú ní 2014 tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún méjìdínlógún ló wà láàárín Brownie yẹn àti irun àkọ́kọ́. Ọdún wọ̀nyẹn ló fi kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá dúdú àti funfun ṣiṣẹ́, kò sì sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí kì í lo fìlímù dé. Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní Kodak, ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1975. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló ń gbà á kí ó tó fi fọ́tò kan pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kámẹ́rà lè ya fọ́tò mẹ́wàá, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì lè ya ẹgbẹ̀rún, kí ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó tún un yà, láìra nǹkan kan. Oore ńlá ni èyí jẹ́ fún ọmọ tálákà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Àmọ́ owó tó kúrò lára fìlímù kò pòórá. Inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló kó sí.

Nínú DSLR, ìyẹn kámẹ́rà tó ní jígí nínú, aṣọ ìkélé tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣọ́tà. Nígbàkígbà tí ayàwòrán bá tẹ bọ́tìnnì, ṣọ́tà yìí á ṣí, á sì pa dé bí ìpéǹpéjú. Iye ìgbà tó lè ṣẹ́jú kí ó tó rẹ̀ ẹ́ ní òǹkà. Fún ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 100,000 ni. Fún Nikon D7200 àti Canon 5D Mark III, 150,000 ni àwọn tó ṣe wọ́n sọ. Òmíràn máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn kì í débẹ̀, wọ́n sì lè pààrọ̀ ṣọ́tà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó tó ohun tí ènìyàn lè fi ṣírò.

Ká mú un pé ayàwòrán kan ra kámẹ́rà ní 700,000 náírà, tí ṣọ́tà rẹ̀ sì lè ṣẹ́jú nígbà 100,000. Náírà méje ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń jẹ nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà 1,000 lóde ìgbéyàwó, kámẹ́rà ti jẹ 7,000 náírà kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní ìrẹsì. Àádọ́ta òde láàárín ọdún kan, 350,000 náírà. Nígbà tí ọdún kejì bá parí, kámẹ́rà ti gbó. Bí kò bá ti máa yọ owó yìí sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń pè ní èrè láti ọdún méjì, kámẹ́rà rẹ̀ ló ń gé jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò yìí kan náà ló máa ń tú àṣírí kámẹ́rà tòkunbọ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní 400,000 náírà á máa yọ̀ pé òun rí ẹ̀dínwó 300,000. Bí ṣọ́tà rẹ̀ bá ti ṣẹ́jú nígbà 60,000 kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, 40,000 ló kù. Náírà mẹ́wàá ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan á máa jẹ, nígbà tí tuntun ń jẹ méje. Tòkunbọ̀ kò burú o. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ti fi í kọ́lé. Ẹni tí kò bá ti mọ iye tó kù nínú rẹ̀ ni yóò ra ọ̀wọ́n tí yóò sì máa rò pé ọ̀pọ̀ lòun rà.

Ọ̀rọ̀ náírà tún wá fi ata sí ojú egbò. Dọ́là la fi ń ra irinṣẹ́ láti òkè òkun, náírà sì ni ìyá ìyàwó ń san fún ayàwòrán. Kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó jọ̀wọ́ okùn náírà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí oṣù Kejì 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá 1,500. Ẹ wo lẹ́ǹsì kékeré kan, Canon 50mm f/1.8 STM, tó jáde ní 2015. Dọ́là 125 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ ní 465, nǹkan bí 58,000 náírà ni. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ ní 1,500, ó di 187,500, láìtíì ka owó ọkọ̀, owó bodè àti èrè ọlọ́jà. Dígí kan náà, ike kan náà. Owó tí wọ́n ń san fún ayàwòrán lóde kò sì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó ṣe ayàwòrán ní rere nínú gbogbo rẹ̀. Fóònù ti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ aráyé. Ní 2010, kámẹ́rà tí àwọn iléeṣẹ́ Japan kó jáde lé ní mílíọ̀nù 120; ní 2020, kò tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Canon àti Nikon ti yíjú sí mirrorless, èyí tí kò ní jígí nínú, láti 2018 tí wọ́n ti gbé ẹnu lẹ́ǹsì tuntun jáde. Àwọn ará òkè òkun wá ń kó DSLR wọn sílẹ̀ láti lọ ra ti ìgbàlódé, àwọn wọ̀nyí ló sì ń gba ojú omi bọ̀ wálé. Kámẹ́rà tí ọ̀gá àgbà nìkan lè rà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè fi àjọ rà á lónìí. Èsúsú kò lérè, iye tí a dá là ń kó; ṣùgbọ́n kò ní èlé lórí bíi gbèsè orí fóònù, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ yá torí kámẹ́rà tuntun.

Kí ni kí wọ́n wá rà? Ibí yìí ni òǹkọ̀wé yìí ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn. Bọ́dì kámẹ́rà ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè, òun ló sì tètè ń gbó jù. Wọ́n á ní méló ni megapixel rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù tóótó tó ń para pọ̀ di fọ́tò. Fọ́tò ínṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lóde àríyá, mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ló ń fẹ́. Ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá kò gbà ju mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ lọ. Agbára káká ni ènìyàn fi lè rí kámẹ́rà DSLR kan lọ́jà lónìí tí kò lè ṣe èyí ní ìrọ̀rùn.

Lẹ́ǹsì ni ojú. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, 18 sí 55, bí wọ́n bá ti nà án tán, ihò rẹ̀ kì í ṣí ju f/5.6 lọ. Ti 50mm yẹn ń ṣí dé f/1.8. Nọ́ńbà kékeré ló ń jẹ́ ihò ńlá, ohun tó sì máa ń da ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láàmú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba f/1.8 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ń gba f/5.6. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí NEPA ti mú iná lọ, ìlọ́po mẹ́wàá yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ìyàwó tó hàn kedere àti ojú tó rí bí èéfín. Lẹ́ǹsì kì í sì í tètè gbó. Ẹni tó ra ti Canon EF tí wọ́n ṣe ní 1987 lè so ó mọ́ DSLR Canon títí dòní.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà tí lẹ́ǹsì kò lè rà. Kámẹ́rà kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ògiri. Ohunkóhun tó bá rí, ó fẹ́ sọ ọ́ di àárín méjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Bí ọmọge aláwọ̀ dúdú bá wọ aṣọ ìgbéyàwó funfun báláú, tí aṣọ sì gba ojú fọ́tò kan, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Aṣọ á wá dà bí eérú, ojú ìyàwó á sì rì sínú òkùnkùn. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á ti fi ìka yí bọ́tìnnì, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á lọ fi owó ra kámẹ́rà mìíràn, ìyẹn náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún un. Ẹgbẹ̀rún fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n nà sí òdìkejì kí ó máa ta ìmọ́lẹ̀ padà, ló ń kọ́ ènìyàn ní irú nǹkan báyìí.

Ó ku lílọ sọ́jà. Ní Computer Village, Ìkẹjà, àárín èrò àti ariwo ni ọjà ti ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èló ni jálẹ̀?"

"Àbúrò mi, ọjà dáadáa ni, ìlú òyìnbó ló ti wá. Mú owó wá."

Èsì tó yẹ kí àbúrò fọ̀ ni pé, "Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ná." Kí ó yọ lẹ́ǹsì, kí ó tan iná fóònù láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì fi ojú kan wò ó láti iwájú. Bí ó bá rí nǹkan tó rí bí òwú aláǹtakùn ní igun dígí, ó ti bu nìyẹn, bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá. Ọ̀rinrin ló ń fà á, ìgbà òjò wa sì ń mú un tàn kálẹ̀, nítorí náà kó má gbà á rárá, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Lẹ́yìn náà, kí ó ya fọ́tò kan, kí ó sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà: Nikon ń kọ iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣẹ́jú sínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Kádì náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí ó kó fáìlì kún un dé ẹnu nílé, kí ó sì ṣí wọn wò, kó tó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn.

Kí bọ́dì má gbà ju ìdajì owó ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kí lẹ́ǹsì 50mm tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fíláàṣì, bátìrì méjì, kádì méjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó tọ́jú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn oníyàwó, kó wo nọ́ńbà tó wà lára fọ́tò àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, kó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹ́yìn, kó sì fi ẹyọ kan kún un. Ká ní 1,140 ló tẹ̀ lánàá. Ní náírà méje, 7,980 náírà. Kó fi í ránṣẹ́ sí alájọ lójú ẹsẹ̀, kó tó ra mọ́ínmọ́ín àárọ̀.