Ẹni Tí Ó Ń Mu Omi Ọ̀yun, Ọ̀rọ̀ Òkè Kàn Án

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni a rántí nígbà tí a ń ronú lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn òkè Ìgbómìnà àti Èkìtì tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú wa. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Ọ̀fà, àwọn kan a máa wò wá bí ẹni tí ó gbé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rù. Wọn a ní ilẹ̀ tiwa tẹ́jú, kùkúndùnkún wa lókìkí lọ́jà, ojú irin gba ìlú wa kọjá. Kí ni ó kàn wá nínú igi tí wọ́n gé lórí òkè ẹlòmíràn?

Omi ni ó kàn wá níbẹ̀. Odò Ọ̀yun tí ìjọba sé fún wa kò sun láti Ọ̀fà. Ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, tí ó ń gba àárín oko àti igbó kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó tó máa lọ sí ìhà Ìlọrin. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ adágún náà wò, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2008, sọ pé ibi tí ó jìn jù lọ nínú rẹ̀ kò ju mítà 8 lọ, àti pé bí a bá pín jíjìn rẹ̀ dọ́gba, kò tó mítà 3. Wọ́n sọ pẹ̀lú pé òjò a máa gbá ajílẹ̀ oko àti ìgbẹ́ màlúù wọ inú rẹ̀. Adágún tí kò jìn ju báyìí lọ, erùpẹ̀ kì í pẹ́ kún un. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ mú. Ewé tí ó wọ́ sílẹ̀ ni ó ń gba omi òjò dúró, tí ilẹ̀ fi ń mu ún díẹ̀díẹ̀ fún ìsun. Bí a bá gé igi tán, òjò á di àgbàrá, ẹ̀ẹ̀rùn á sì bá ìsun ní gbígbẹ. Ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ ní òkè, ìsàlẹ̀ ni a ó ti jìyà rẹ̀.

Àwọn baba ńlá àwọn ará òkè mọ èyí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Wọ́n mọ igbó tí a kì í dáko sí, igi tí a kì í fi àáké kàn, odò tí a kì í pa ẹja inú rẹ̀. Èèwọ̀ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n òfin ìlú ni, ó sì ní àwọn tí ń mú un ṣẹ: baálẹ̀, àwòrò àti ọdẹ. Ní Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa, àwọn ará ìlú ni wọ́n ń tọ́jú ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, kí ìjọba tó kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ibẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń wó odi yìí lulẹ̀. Èkínní ni pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá mú ìwé àṣẹ ìjọba dání wọ igbó, kí ni baálẹ̀ yóò fi dá a dúró? Èkejì ni òwò èédú. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń sun èédú jù lọ láyé, Kwara sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òwò náà ti gbilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù, òun ni ó sì burú jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ sínú igbó. Wọ́n padà gba ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀ wo ohun tí ń tẹ̀ lé irú èyí. Bí olùkọ́ bá kó ẹrù rẹ̀, ìyá á mú ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Bí ìyá bá lọ, oko di ìgbòrò. Bí àgbẹ̀ àti ọdẹ kò bá sí mọ́, ta ni yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ agégi? Àwọn tí yóò kù nínú igbó ni agbébọn àti agégi. Nítorí náà ni a fi sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ dá òkè sí, àfi kí ó kọ́kọ́ dá àwọn ará òkè sí. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀rí wà. Ní orí àwọn òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adamawa, àwọn ará Sukur ń fi òkúta di ẹ̀bè wọn ní ìpele ìpele kí àgbàrá má bàa gbá ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 1999, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2014, àwọn Boko Haram kọlù ú, wọ́n sun ilé. Àwọn ará Sukur fúnra wọn ni wọ́n padà tún un ṣe. Àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè ní ohun tí ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n tẹ̀ dó sí, wọ́n sì ń gòkè lọ ṣe ọdún wọn. Lórí òkè yẹn ni wọ́n ti tún rí ọ̀pọ̀lọ́ kan ní ọdún 2013, irú èyí tí a kò mọ̀ níbòmíràn láyé.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni kí tálákà tí ń sun èédú máa jẹ. Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ẹni tí ebi ń pa ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi ẹ̀mì tí a ń fún òrí nínú èso rẹ̀. Ó lè tó ogún ọdún kí ó tó so. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sun ún, ìgbà kan péré ni ó jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso ẹ̀mì lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà kí a lè máa fún òrí rẹ̀ nílé. Èyí dára, ṣùgbọ́n kí ni òfin lórí èso yóò mú wá bí igi bá tán?

Àbá wa kò pọ̀. Kí ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ igbó sí orí òkè, kí ó sì san owó wọn déédéé. Kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ gígé igi láìjẹ́ pé baálẹ̀ àti ìlú tí igbó náà wà gbọ́ sí i. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí a tì má ṣe di ilé-ẹ̀kọ́ tí a pa tì. Àwa tí a ń mu omi Ọ̀yun pẹ̀lú ní ojúṣe: kí á má ṣe dáko dé etí odò, kí á sì gbin igi sí bèbè rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí adágún, kí ẹ fi àwọ̀ omi hàn wọ́n lẹ́yìn òjò ńlá; ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni, wọn kò ní gbàgbé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ń ṣe, bí olùdíje bá dé pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́, ẹ bi í pé ta ni ó fọwọ́ sí ìwé àwọn agégi. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa bá ìlù rẹ̀ lọ. Omi kò mọ ẹgbẹ́; ọjọ́ tí Ọ̀yun bá gbẹ, gbogbo wa ni ọ̀fun yóò gbẹ.