Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Ojú Aró

Lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ bá ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ tí ojú kọ̀ǹpútà náà yóò ṣàdédé di búlúù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, lẹ́tà funfun díẹ̀ á hàn sí i, á kú, á sì tún jí fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà ò wò ó tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Fáírọ́ọ̀sì ni. Fọ́máàtì la máa ṣe fún un." Ó gba ₦8,000, ó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ náà ti ń kọ láti oṣù mẹ́fà bá a lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, aró tún dé.

Ta ló fi lọ̀ wá pé fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà, pé fọ́máàtì sì ni oògùn gbogbo rẹ̀? Àwọn àgbà ti ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí òrùlé bá ń jò, ṣé ilẹ̀ ilé lẹ ó máa tún rẹ́? Bí táyà bá jò, mẹkáníìkì wo ló ń kun ọkọ̀ lọ́dà? Bí ìdí ìkòkò bá ti lu, ẹ da ọbẹ̀ nù nígbà mẹ́wàá kí ẹ se òmíràn, yóò jò náà ni. Windows ni ọbẹ̀ yẹn. RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, àti dísíìkì ni ìkòkò. Mi ò ní fáírọ́ọ̀sì ò lè fa ojú aró láé. Ó lè fà á. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá ń pe gbogbo ikọ́ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò tíì yẹ ẹnikẹ́ni wò. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Windows fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ojú bá di aró. Ó rí i pé nǹkan ti bàjẹ́ níbi tó jinlẹ̀, ó wá dúró kó má baà ba fáìlì yín jẹ́, bí awakọ̀ tó gbóòórùn ohun tó ń jóná, tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí ó tó dúró, ó máa ń kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ibi tó kọ "Stop code" sí, kí ẹ fi fóònù ya á. Bí ẹ bá rí MEMORY_MANAGEMENT, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR sábà máa ń tọ́ka sí ara ẹ̀rọ gan-an, ooru wà lára ohun tó ń fà á. DRIVER_POWER_STATE_FAILURE, ọ̀rọ̀ driver ni, ìyẹn ètò tó ń bá ohun èlò kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Lórí Windows 11, láti ọdún 2025, dúdú ni wọ́n ti sọ ojú náà dà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Windows tún máa ń kó ẹ̀rí pa mọ́ sínú C:\Windows\Minidump. Ẹni tó bá fọ́máàtì ti pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó rí olè.

Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ni ojú wọn di aró lọ́jọ́ náà káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ síwájú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. CrowdStrike, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ló fi update tó lábùkù ránṣẹ́: ọdẹ àdúgbò yìnbọn, ó ba onílé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà ní Safe Mode, níbi tí ohun díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n yọ fáìlì kan ṣoṣo, ó parí. Ẹ ò gbọ́ pé wọ́n fọ́máàtì pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ da iṣẹ́ yín kọ sórí fláàṣì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ bi ara yín pé kí lẹ fi sínú kọ̀ǹpútà kí aró tó bẹ̀rẹ̀: update ni, driver ni, àbí RAM tuntun? Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wò ó. Nítorí ooru, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ò jẹ́ kó mí.

Ọmọ àbúrò mi ti ya fọ́tò ojú aró náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò kàn rò pé ó wúlò ni. MEMORY_MANAGEMENT ló wà níbẹ̀. A tẹ Windows Memory Diagnostic sínú Start, ó tún tan kọ̀ǹpútà, ó yẹ RAM wò, ó ní àléébù wà. RAM méjì ló wà nínú rẹ̀; a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi mọ èyí tó bàjẹ́. Aró ò padà wá mọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá náà ò padà wá pẹ̀lú.

Bí ẹ bá tún gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, ẹ fi fọ́tò hàn án, kí ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kóòdù yìí ń sọ?" Bí kò bá wò ó, tó kàn na ọwọ́ sí fláàṣì fọ́máàtì, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.