ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ: Ẹ Gbọ́ Ti Ẹni Tó Kọ̀

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń kọ́lé. Ṣé ìwé àdéhùn wà láàrin ẹ̀yin àti ayàwòrán-ilé yín, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Kí ìwé náà sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe àti iye owó rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1969 dá sílẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ yín kò gbọdọ̀ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ kọngílá.

Ẹ rántí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan kọ̀wé yọwọ́: àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé náà yóò dúró. Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Bí amòye bá ní kí ẹ má fi àjà kún ilé yín, ẹ má wá ẹlòmíràn tí yóò gbà fún yín. Ẹni tó kọ̀ fún yín lónìí ló fẹ́ kí ọmọ yín sùn, kó sì jí.