Ọgbà Ìrántí fún Àwọn Tí Ogun Kó Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti gbogbo Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, ẹ gbọ́ ẹjọ́ yìí, kí ẹ sì dá a bó ti tọ́.

Iléṣà ya ère Ògèdèǹgbé. Òkè-Ìmẹ̀sí kò gbàgbé Fábùnmi. Akọni ogun Kírìjì ni wọ́n, ọlá sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n mú lẹ́rú lọ́nà oko ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bógun lọ, tí kò padà wálé ńkọ́? Wọn kò ní ère, wọn kò ní ojú oórì. Nítorí wọn la ṣe ń fẹ́ kí a dá ọgbà ìrántí àti àlàáfíà sílẹ̀ ní Ìlá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ọmọọba Adéyalé kó ọmọ ogun Ìlá lọ sí ogun Jálumi nítòsí Ìkìrun. Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣíwájú, ló borí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ ló bómi lọ nínú odò Ọ̀tìn. Ogun Kírìjì tẹ̀ lé e láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìlá sì wà nínú Èkìtìparapọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ṣe wọlé-wọ̀de láàárín àgọ́ méjèèjì kí wọ́n tó kéde àlàáfíà lójú ogun ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Síbẹ̀, Ìbàdàn àti Ìlọrin kò jáwọ́ nínú bíbá ara wọn jà títí di ọdún 1893.

Àwọn bàbá wa jà nítorí pé ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sú wọn. Òtítọ́ nìyẹn. Òtítọ́ tún ni pé tọ̀tún tòsì ló mú ẹrú, tọ̀tún tòsì ló sunkún. Ọgbà tí yóò dárúkọ òkú tiwa nìkan kò ní lè kọ́ni ní àlàáfíà.

Àwọn kan lè sọ pé ojú egbò tó ti jinná la fẹ́ tú. Ṣé lóòótọ́ ló ti jinná? Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tún gbéjà ko ara wọn láàárín ọdún 1997 sí 2000. Ní ẹnu àìpẹ́ yìí, ilẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Bọ́mọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa á fún un bí àwọn àgbà bá lọ? Ọmọ tó bá gbọ́ nípa akọni nìkan á rò pé adùn ló wà nínú ogun.

Ẹ wo Hiroshima ní Japan. Ibi tí bọ́ǹbù pa ìlú run ní ọdún 1945 ni wọ́n sọ di ọgbà àlàáfíà, àwọn ọmọ iléèwé sì ń lọ síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ní Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda, òkú ìpẹ̀yàrun tó lé ní 250,000 ló sùn sí ibi ìrántí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2004. Kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kì í ṣe láti gbẹ̀san.

Owó ńkọ́? Ilẹ̀ tó tẹ́jú, igi tó ṣíji bolẹ̀ àti ògiri tí a ó kọ orúkọ sí ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè nìyí:

1. Kí Ọ̀ràngún Ìlá àti Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá jọ fọwọ́ sí ilẹ̀ tí a ó yà sọ́tọ̀.

2. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ìfẹ́dàyọ̀ fi ọgbà náà sínú ètò ìnáwó wọn.

3. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Ìlá lọ káàkiri agboolé, kí wọ́n gba ìtàn àti oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

4. Kí a ránṣẹ́ pe Ìbàdàn, Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbájọ àti Ìkìrun láti mú orúkọ òkú tiwọn wá, kí gbogbo wa sì máa péjọ níbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún.

Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè lọ́sẹ̀ yìí: ta ni ogun kó lọ nínú ẹbí wa? Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé ìlú. Ìwé orúkọ ló yẹ kó ṣáájú ọgbà.